Mànífóòlù tí mo fi fóòmù dà ń jò láàárín: níbo ni mo ti ṣì í?

IléruMi (ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ oní-sílíńdà méjì kan wà lọ́wọ́ mi. Mànífóòlù rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà láti ìdí kàbúrétọ̀ lọ sínú hẹ́ẹ̀dì, ti sán, kò sì sí ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo pinnu pé màá dà á fúnra mi. Mo fi wáyà gbígbóná gé fóòmù sí àwòrán rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo po joint compound tí wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé pátákó ògiri mọ́ omi, mo fi kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rì í mọ́ inú yanrìn gbígbẹ nínú garawa irin, mo sì da alumíníọ̀mù yíyọ́ lé e lórí. Fóòmù yọ́ lọ, irin gba ipò rẹ̀.

Nígbà tí mo hú u jáde, mi ò lè jókòó fún ìdùnnú. Gbogbo ipa wáyà tó wà lára fóòmù ló hàn lára irin. Ìgbà tí mo wá dí àwọn ihò rẹ̀, tí mo fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà fún un ní atẹ́gùn, tí mo rì í sínú omi, ni omi bá ń hó. Kì í ṣe ojú kan ṣoṣo ló ti ń jò. Ìlà kan ni, tín-ín-rín bí irun orí, ó yí ọ̀pá náà po láàárín gẹ́lẹ́. Mo fi ayùn gé ibẹ̀ wò. Inú ìlà náà dúdú, ó sì ń dán díẹ̀ bí ibi tí ọ̀rá kàn.

Kí ni mo ṣe?


Asúde_Àgbà (8:25 àárọ̀)

IléruMi, o kú iṣẹ́. O ṣe dáadáa tí o fún un ní atẹ́gùn kí o tó gbé e sára ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Irin méjì ló pàdé níbẹ̀ tí wọn kò so pọ̀. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ẹni tí kò bá mọ bí fóòmù ṣe ń jáde kò ní mọ ohun tó ń bà á jẹ́.

Ẹni tó ń fi ìda ṣe àwòṣe máa ń yọ́ ìda dànù tán kó tó da idẹ. Inú ihò tó ti ṣófo ló ń dà á sí. Ti fóòmù kò rí bẹ́ẹ̀. Fóòmù ṣì wà nílé nígbà tí irin dé ẹnu ọ̀nà, irin fúnra rẹ̀ ló máa lé e, ooru ara irin ló sì fi ń lé e. Nítorí náà, iwájú irin tó ń lọ ló máa ń tutù jù nínú gbogbo rẹ̀. Fóòmù a yọ́, apá kan a di gáàsì, apá kan a di omi tó ki bí òróró. Gáàsì gbọ́dọ̀ gba ara ẹ̀wù kọjá lọ sínú yanrìn (ẹ̀wù ni mò ń pe joint compound tí o fi kùn ún), omi rẹ̀ sì ni ẹ̀wù yẹ kó fà mu bí aṣọ ṣe ń fa omi. Èyí tí ẹ̀wù kò bá rí gbà á wà lójú irin, a sì di èédú. Bí irin bá wá gba ọ̀nà méjì wọlé, ojú méjì tó ti tutù, tó tún ru èédú, ni yóò dojú kọra. Wọn á fara kanra, wọn ò ní wọnú ara wọn.

Nítorí náà, dá mi lóhùn. Ẹnu ọ̀nà mélòó ni irin gbà wọlé? Báwo ló ṣe gbóná tó? Báwo ni ẹ̀wù rẹ ṣe nípọn tó? Irú gọ́ọ̀mù wo lo lò, ibo lo sì fi sí?


IléruMi (9:02 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n.

Ẹnu ọ̀nà méjì ni, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé yóò tètè kún. Ọ̀pá tí mo fi ń wọn ooru kà 690°C. Ẹ̀wù tó ṣí kúrò lára irin nípọn tó mìlímítà kan àti ààbọ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yọ́ láti inú ìbọn gọ́ọ̀mù ni mo lò, mo sì fà á yí gbogbo ojú ìpàdé po. Ojú ìpàdé náà bọ́ sí àárín ọ̀pá.


YanrìnGbígbẹ (9:30 àárọ̀)

690°C! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Alumíníọ̀mù pọ́ńbélé ń yọ́ ní 660°C. Bó bá jẹ́ inú ihò ṣófo lo fẹ́ dà á sí, 690 lè tó fún nǹkan tó nípọn. Fún fóòmù tí ògiri rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò tó rárá. 760 sí 780°C ni èmi máa ń dà á. Gbé ooru sókè, ìlà yẹn á lọ.


Asúde_Àgbà (10:11 àárọ̀)

Mo fara mọ́ ọn pé ooru náà kéré, àmọ́ mi ò gbà pé òun nìkan ni. Bí ẹnu ọ̀nà bá ṣì jẹ́ méjì, wàá kàn sọ ìlà tó ń jò di ìlà tí kò tíì jò ni. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, á tutù, á tún gbóná, ìlà náà á sì ṣí lọ́jọ́ kan.

Ooru náà ní ewu tirẹ̀. Bí alumíníọ̀mù bá ṣe gbóná tó ló ṣe ń mu háídírójìn tó, láti inú omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú èéfín iná. Bó bá ti ń dì, á tu gáàsì náà sílẹ̀, inú rẹ̀ á sì kún fún ihò wínníwínní. Nítorí náà, dé 770, ha ìdàrọ́ kúrò lójú rẹ̀, kí o sì dà á lójú ẹsẹ̀. Má fi í sílẹ̀ lórí iná kó máa se.


YanrìnGbígbẹ (10:40 àárọ̀)

Mo gbà fún yín lórí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Ẹyọ kan ló dára.

IléruMi, irin wo lo yọ́? Bó bá jẹ́ agolo ohun mímu tàbí férémù fèrèsé, sílíkọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kéré, kì í ṣàn dáadáa, agolo tún máa ń di ìdàrọ́ jù. Ara ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ ni kí o yọ́: hẹ́ẹ̀dì, ilé pọ́ǹpù omi, mànífóòlù àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti dà rí ni wọ́n po fún dídà. A356, irú alumíníọ̀mù tí wọ́n máa ń fi ṣe irú nǹkan báyìí, ní sílíkọ́ọ̀nù bí 7 nínú 100, ìdí nìyẹn tó fi ń dé gbogbo kọ̀rọ̀.


Ìyá_Wáyà (12:15 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀, torí iṣẹ́ yìí máa ń bàjẹ́ láti ara fóòmù kí iná tó dé e.

Irú fóòmù wo ni, IléruMi? Èyí tó funfun tó ní hóró bí ẹyin ẹja fúyẹ́ jù, ó sì rọrùn fún irin láti lé jáde, àmọ́ hóró rẹ̀ á hàn lára iṣẹ́. Èyí tí ara rẹ̀ dán, tí wọ́n fi ń dí ooru mọ́ inú ilé, dùn ún gé, àmọ́ ó wúwo jù ú lọ, nítorí náà ohun tí irin máa lé jáde pọ̀ sí i. Polystyrene ni àwọn méjèèjì. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí wáyà gbígbóná kò lè gé geere, tó kàn ń di èédú tó sì ń rùn, ẹ má fi kan irin gbígbóná láé. Polyurethane nìyẹn. Kì í yọ́, èéfín rẹ̀ sì ní sáyánáìdì nínú. Bí ó bá ń ṣe yín ní iyèméjì, ẹ kán acetone sí pàǹtí rẹ̀ kan: polystyrene á rọ wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, polyurethane á máa wò yín.

Ẹ wọn fóòmù yín pẹ̀lú. Ẹ gé ègé kan, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, 10 ní gíga, kí ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Tèmi máa ń jẹ́ gíráàmù 30. Ìwọ̀n alumíníọ̀mù tó bá kún ibẹ̀ jẹ́ kílò 2.7, ìyẹn ìlọ́po 90. Láti ìgbà náà, kí n tó yọ́ ohunkóhun, mo máa ń wọn gbogbo àwòṣe pẹ̀lú ọ̀fun tí irin máa gbà wọlé, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 90, mo sì fi díẹ̀ kún un fún inú àrọ. Mélòó ni tìrẹ wọ̀n? Ìkòkò rẹ ńkọ́, ó gba mélòó?


IléruMi (1:03 ọ̀sán)

Fóòmù tó ń dán ni, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tuntun, mo sì wọ̀n ọ́ báyìí: gíráàmù 34 pẹ̀lú ọ̀fun rẹ̀. Ìlọ́po 90 jẹ́ kílò 3 lé díẹ̀.

Ìkòkò mi kò gbà ju kílò 2 lọ. Mo yọ́ ọ sínú ìkòkò méjì ni. Mo da àkọ́kọ́ tán, mo gbé e sílẹ̀, mo sì gbé èkejì.


Ìyá_Wáyà (1:10 ọ̀sán)

Àárín àkọ́kọ́ àti èkejì ńkọ́? Mélòó ni o kà kí èkejì tó dé?


IléruMi (1:14 ọ̀sán)

Ó tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, mà. Mi ò kà á sí nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ọ́.


Asúde_Àgbà (1:52 ọ̀sán)

Háà. Ìyá, ẹ kú làákàyè. Mo bi í ní ohun mẹ́rin, èyí tó ga jù ni mi ò bi í.

IléruMi, gbọ́ mi. Nínú iṣẹ́ fóòmù, bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, o kò gbọ́dọ̀ dúró. Àrọ gbọ́dọ̀ kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yanrìn: yanrìn yẹn kò ní amọ̀, kò ní omi, kò sí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Fóòmù ló ń gbé e dúró, lẹ́yìn náà irin. Láàárín méjèèjì, ẹ̀wù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn àti agbára irin tó ń tì láti òkè nìkan ló dì í mú. Bí irin bá dúró, agbára yẹn á lọ sílẹ̀, yanrìn sì lè ya lulẹ̀ sínú àlàfo. Tìrẹ kò ya nítorí ẹ̀wù rẹ nípọn jù. Àbùkù kan ló gbà ọ́ lọ́wọ́ òmíràn. Àmọ́ nínú ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn, ojú irin ti di awọ.

Wá ìkòkò tó gba kílò 5. Máà tún dà á kí o tó rí i.


Ọmọ_Ìdàrọ́ (3:20 ọ̀sán)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìfẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ṣé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lo ọ̀nà yìí, àbí àwa tí a ń ṣe é lẹ́yìn ilé nìkan ni? Ṣé mo sì lè fi ṣe píísítìnì tàbí kọ́nrọ́ọ̀dù?


Asúde_Àgbà (4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ilé iṣẹ́ ńlá ń lò ó dáadáa. Harold Shroyer gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1958. Yanrìn tó lẹ̀ pọ̀ lòun lò nígbà náà. Ní 1964 ni Merton Flemings fi yanrìn gbígbẹ tí kò ní ohun ìlẹ̀ kankan ṣe é, èyí ló sì jọ tiwa. Nígbà tí General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ Saturn ní 1990, fóòmù ni wọ́n fi dà búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti hẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kódà wọ́n fi da kiránkíṣáàfù onírin rẹ̀. BMW náà ti fi da hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Landshut, ní Jámánì.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyí. Wo inú hẹ́ẹ̀dì: ọ̀nà omi ń yí po lábẹ́ ọ̀nà èéfín, ọ̀nà òróró ń gba àárín wọn. Lọ́nà àtijọ́, ìwọ á mọ yanrìn líle fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wàá tò wọ́n sínú ara wọn, wàá sì máa gbàdúrà kí ọ̀kan má yẹ̀. Bó bá jẹ́ fóòmù, wọ́n á ṣe é ní awẹ́ awẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì, wọ́n á lẹ àwọn awẹ́ náà pọ̀, ọ̀nà omi á sì jẹ́ àlàfo lásán nínú fóòmù. Yanrìn gbígbẹ ló máa ṣàn wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀, òun náà ló sì máa ṣàn jáde.

Àmọ́ kọ́nrọ́ọ̀dù, rárá. Píísítìnì náà, rárá. Ìlà dúdú tí IléruMi rí, omi ló fi hàn án. Bó bá wà ní inú kọ́nrọ́ọ̀dù, kò sí omi tó máa fi hàn ọ́, ọjọ́ tó bá já nínú ẹ́ńjìnnì ni wàá mọ̀. Mànífóòlù, ilé pọ́ǹpù omi, ìdérí, ohun tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì: ibẹ̀ ni kí o bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá sì dé orí irin dúdú lọ́jọ́ iwájú, mọ̀ pé polystyrene máa ń fi èédú tó ń dán bo ojú rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń lo fóòmù PMMA (irú ike mìíràn), tàbí èyí tí wọ́n pò mọ́ ọn, fún irin dúdú.


YanrìnGbígbẹ (5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti yanrìn, torí òun ni mo mọ̀ jù.

Sẹ́ ẹ kí eruku rẹ̀ lọ, torí eruku ló ń dí ọ̀nà gáàsì. Yan án lórí páànù títí tí ooru omi kò fi ní jáde lára rẹ̀ mọ́. Má gbàgbé ìbòmú, eruku yanrìn ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde níbẹ̀ mọ́. Má fi òòlù gbá garawa. Mo máa ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó, èyí tó ń gbọ̀n, tì í lára bí mo ṣe ń da yanrìn sí i díẹ̀díẹ̀. Wàá rí i tí yanrìn á máa ṣe bí omi, ojú rẹ̀ á tẹ́, á sì rì. Bí o bá rí i tí kò rì mọ́, ó tó.

Ohun kan tí ènìyàn kì í rò: yanrìn kì í gun òkè. Bí o bá dá mànífóòlù dùbúlẹ̀, inú ọ̀pá rẹ̀ kò ní kún tán lókè, irin á sì wọ àlàfo náà. Dá a dúró kí ihò rẹ̀ kọjú sókè, tàbí kí o fi ọwọ́ kún inú rẹ̀ ná kí o tó rì í.

Ìta gbangba ni kí o ti dà á, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ. Èéfín dúdú yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fà símú.


Ìyá_Wáyà (8:48 alẹ́)

Ti gọ́ọ̀mù kù. Ó wúwo ju fóòmù lọ fíìfíì, èédú rẹ̀ sì pọ̀. Kán an tó-tó-tó nínú, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta síra wọn, kí o sì fi ìda rírọ̀ pa ìta ojú ìpàdé kí ẹ̀wù má bàa wọnú rẹ̀. Ẹ̀wù tó bá wọ àárín fóòmù máa kù sínú irin. Gbé ojú ìpàdé kúrò láàárín ọ̀pá bí o bá lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wù: lẹ́ẹ̀kan, tàbí lẹ́ẹ̀mejì bó bá ṣàn jù. Ààbọ̀ mìlímítà tó. Má fi oòrùn tan ara rẹ pé ó ti gbẹ. Wọ̀n ọ́ ní àràárọ̀, ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá wálẹ̀ mọ́ ló gbẹ. Omi tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ lè fọ́n irin gbígbóná sókè sójú rẹ.


IléruMi (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti dà á.

Mo gé fóòmù tuntun, mo sì fi 1.3 nínú 100 kún gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ nítorí alumíníọ̀mù máa ń súnkì bó bá ń tutù. Àárín ihò méjì tó wọ hẹ́ẹ̀dì jẹ́ mìlímítà 112, mo gé e sí 113.5. Gọ́ọ̀mù tó-tó-tó, ìda níta. Lẹ́yìn ìkùn, ó wọn gíráàmù 74. Lọ́jọ́ kejì 58, lọ́jọ́ kẹta 55, lọ́jọ́ kẹrin 55. Mo rì í ní ìdúró. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, láti ìsàlẹ̀. Ìkòkò kan, kílò 4, 770°C. Mo dà á láì mí, àrọ kò ṣófo rí. Iná pupa kékeré jó lẹ́nu àrọ, èéfín dúdú bẹ́, ó sì parí.

Nínú omi: ìlà ti lọ. Kò sí hóró atẹ́gùn kan láàárín.

Àmọ́ orí ibi tí kàbúrétọ̀ máa jókòó lé, níbi tó nípọn jù, ti wọ inú bí àwo kékeré. Ó jìn tó mìlímítà méjì. Ṣé kí n tún un dà ni?


Asúde_Àgbà (7:00 alẹ́)

Mo bá ọ yọ̀ gan-an. Ibi tó nípọn ló ń dì kẹ́yìn, nígbà tó sì ń súnkì kò rí irin mìíràn mu, torí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín òun àti ẹnu ọ̀nà ti dì ṣáájú rẹ̀. Nígbà mìíràn, gbé ọ̀fun lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, tàbí kí o lẹ ègé fóòmù kan mọ́ ọn tó nípọn jù ú lọ, kí ó máa fún un mu. Wàá gé e kúrò lẹ́yìn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, mélòó lo fi sílẹ̀ fún fífá?


IléruMi (7:06 alẹ́)

Mìlímítà mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n.


Asúde_Àgbà (7:09 alẹ́)

Fá a. Kí o tún fún un ní atẹ́gùn lẹ́yìn tí o bá fá a tán, torí abẹ́ irú ojú tó wọnú bẹ́ẹ̀ lè ní ihò.


IléruMi (ọjọ́ Àìkú, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Mo fi fáìlì fá a, mo ń fi gíláàsì tí mo kùn ní tádà yẹ̀ ẹ́ wò títí tádà fi mú gbogbo ojú rẹ̀. Àwo yẹn parẹ́, ó tún ku bíi mìlímítà kan sílẹ̀. Mo tún rì í sínú omi, atẹ́gùn bar kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò hó.

Mo fọ́ ọ̀fun tí mo gé kúrò kí n lè rí inú rẹ̀, bí mo ṣe rí ti àkọ́kọ́. Àwọ̀ eérú ni, hóró hóró, kò sí dúdú kankan. Àárín ihò méjèèjì jẹ́ 112.1. Mo gbé e sára hẹ́ẹ̀dì láìsí gásíkẹ́ẹ̀tì, kí n kàn wò ó, bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wọlé pẹ̀lú ìka lásán.